Àga Kejì Nínú Yàrá Ìyẹ̀wò

Ife tíì méjì ni obìnrin onítíì gbé wọ yàrá ìyẹ̀wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀. Ó gbé ọ̀kan síwájú Ojú-Àwòdì. Ó gbé èkejì síwájú àga tó wà ní òdìkejì tábìlì, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dúpẹ́, mà. Iṣẹ́ wa ni," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ojú-Àwòdì wo ife náà. Ooru ń rú lójú rẹ̀. Àga tó wà lẹ́yìn ife ṣófo, bó ṣe sábà máa ń ṣófo láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé obìnrin yìí náà ti ń dàgbà, pé ọjọ́ orí ló ń bá a ṣeré. Ó fa ìdì aṣọ tó kàn sórí tábìlì, ó kọjú síṣẹ́. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, tíì inú ife kejì ti ku ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yàrá yẹn ṣe rí kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni. Yàrá ìyẹ̀wò wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kò ti ju ìkùnsínú lọ. Tábìlì ńlá kan ló wà láàárín rẹ̀, dígí ni ojú rẹ̀, iná sì wà lábẹ́ dígí náà. Ènìyàn méjì á jókòó kojú ara wọn, wọ́n á máa fa aṣọ kọjá lórí iná, wọ́n á sì máa wá àbùkù: òwú tó já, ihò, àbàwọ́n, ibi tí aṣọ ti fẹ́lẹ́ jù. Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí ojú ewé rẹ̀ pín sí méjì, apá kan fún ẹni ọ̀tún, apá kan fún ẹni òsì. Òfin wà lára ògiri, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: OHUN TÍ ẸNÌ KAN RÍ, OJÚ RẸ̀ LÓ Ń ṢE É. OHUN TÍ ẸNI MÉJÌ RÍ, Ó WÀ LÁRA AṢỌ.

Òfin náà kì í ṣe òfin burúkú o. Ojú tó bá ti wo aṣọ funfun lórí iná fún wákàtí mẹ́ta, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí. Àbùkù tí ẹnì kan bá rí tí ẹnìkejì rẹ̀ kò rí, wọn kì í kà á sí àbùkù. Ẹni tó ní òun rí i ni wọ́n máa ń fi àmì sí lórúkọ. Àmì mẹ́ta láàárín oṣù kan, ó parí. Ojú ti lọ nìyẹn, kí olójú náà máa lọ sílé. Ojú-Àwòdì fẹ́ràn òfin yìí. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò nídìí tábìlì náà láìní àmì kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tí kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ká má parọ́, orúkọ yẹn nìkan ló kù fún un. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo wà ní ìlú òkèèrè, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń pè é lórí fóònù. Yàrá kan ló ń gbé: bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, àti rédíò kan tó máa ń dá lóhùn bí ẹni pé òun ni rédíò ń bá wí. Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ti Ojú-Àwòdì kì í ṣe àìrìnpọ̀, kò rí ẹni bá rìn ni.

Ó ní ẹnìkejì tẹ́lẹ̀. Màmá Onídígí ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe ìyá náà, nítorí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, òwú dúdú ló sì fi so ó kọ́ ọrùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì fi jókòó kojú ara wọn. Màmá Onídígí máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Kì í fi àtẹ́lẹwọ́ kan aṣọ láé. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń pa á lára. "Àtẹ́lẹwọ́ ti ṣiṣẹ́ títí, ó ti yi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ẹ̀yìn ọwọ́ kì í parọ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pa ẹ̀rọ, Màmá Onídígí dá aṣọ dúró. Ó ní ìlà kan wà lára rẹ̀, tó fẹ́lẹ́ bí irun, tó sì gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdì dé ìparí. Ọ̀gá wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Wò ó, ọmọ ìyá mi," ni Màmá Onídígí sọ fún Ojú-Àwòdì. "Ìwọ náà wò ó."

Ojú-Àwòdì tẹ̀ síwájú, ó wò ó. "Mi ò rí nǹkan kan," ló wí.

Màmá Onídígí ti ní àmì méjì lóṣù yẹn. Ìkẹta nìyẹn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi wo aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àfi bíi pé dígí ló jẹ̀bi. Kò jà, kò bínú. "Tí ìwọ bá ní o ò rí i, á jẹ́ pé kò sí níbẹ̀," ló sọ, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sílé. Kò pé oṣù méjì tí ìròyìn ikú rẹ̀ fi dé.

Láti ọjọ́ Ẹtì náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni wọ́n ń yá fún Ojú-Àwòdì, wákàtí kan níbí, wákàtí méjì lọ́hùn-ún. Ìdì aṣọ ń pọ̀ sí i lẹ́bàá ògiri. Ọ̀gá, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, wá bá a. "Màmá, ojú kan ò lè yẹ aṣọ wò. Tá ò bá rí ẹnìkejì fún yín kóṣù yìí tó parí, màá ti yàrá yìí, kẹ́ ẹ lè lọ sinmi." Ó fi ìfẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ojú-Àwòdì mọ ibi tí ìsinmi náà wà: bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, rédíò kan. Ẹ̀rù ibẹ̀ bà á ju ẹ̀rù ikú lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù náà ni ife tíì di méjì.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn, Ọ̀gá yọjú. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá. Mo rí i pé ẹ̀yin méjèèjì ti mọwọ́ ara yín."

"Ẹ̀yin méjèèjì wo?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí ìwé. Ojú-Àwòdì ṣí i. Apá òsì, ìwé ọwọ́ tirẹ̀ ni. Apá ọ̀tún, ẹlòmíràn ti kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n ti yẹ̀ wò láti àárọ̀, lẹ́tà kéékèèké tó mọ́ tónítóní. Tàdáwà èyí tó gbẹ̀yìn kò tíì gbẹ.

"Ta ló kọ eléyìí, Ọ̀gá?" ló bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọ̀gá wo ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́ díẹ̀. Ojú-Àwòdì mọ irú wíwò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe wo Màmá Onídígí nígbà tó gba àmì kejì nìyẹn. "Mo kàn ń ṣeré ni," ló wí. Ọ̀gá kí àga òdìkejì pé ó dàbọ̀, ó sì jáde.

Nígbà tí ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ tó ń kó ìdì aṣọ wọlé dé, Ojú-Àwòdì fà á lápá aṣọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Dákun, ta lo rí nínú àga yẹn?"

"Ha, Màmá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Obìnrin tuntun yẹn kọ́?"

"Báwo ló ṣe rí?"

Ọkùnrin náà họrí. "Kò ga, kò kúrú. Ẹ mọ̀ pé àwa ò kí í wo ojú yín, aṣọ là ń wò. Wọn ò lariwo ṣá. Ó dà bíi pé àtẹ́lẹwọ́ ń dùn wọ́n, torí ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi ń pa aṣọ lára."

Orí Ojú-Àwòdì wú. Ó padà wọlé, ó jókòó, ó sì tẹjú mọ́ àga náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Igi ni. Ìrọ̀rí tó wà lórí rẹ̀ jìn díẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n ọjọ́ pẹ́ tó ti jìn bẹ́ẹ̀. Ó wo òfin ara ògiri, ó sì ṣe ìṣirò tí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn gbọ́dọ̀ ṣe. Obìnrin onítíì rí i. Ọ̀gá rí i. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ rí i. Ẹni mẹ́ta ní ènìyàn wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kò sí. Tó bá jẹ́ àbùkù aṣọ ni, ta ni òun fúnra rẹ̀ máa gbà gbọ́? Ta ni wọ́n máa fi àmì sí lórúkọ? Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó pinnu pé òun yóò yá ọgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò, ó kéré tán títí oṣù yóò fi parí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ rẹ̀ pè. Ojú-Àwòdì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rédíò pa. Wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Lójijì ọmọ náà yí ọ̀rọ̀ padà. "Màmá, ta ló ń wúkọ́ lẹ́yìn yín?"

"Èmi nìkan ni mo wà ńlé."

"Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fi pa mọ́ fún mi mọ́. Inú mi dùn, Ọlọ́run gbọ́. Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá rántí pé ẹ dá wà."

Kí ni ìyá fẹ́ sọ? Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí inú ọmọ rẹ̀ ti dùn báyìí kẹ́yìn. "Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ni," ló wí, ó sì wo àga kan ṣoṣo inú yàrá. Ẹnì kan ti mú aṣọ rẹ̀ tó wà lórí àga náà tẹ́lẹ̀, ó sì ti fi kọ́ sára ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó dúró níwájú àga òdìkejì nínú yàrá ìyẹ̀wò, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà," ló wí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò bá a bó ṣe rò. Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ó sọ bó ṣe sùn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa pé méjì, ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi: ọkọ rẹ̀, oúnjẹ tí kò wù ú sè mọ́, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ṣe gùn sí i nígbà tí ènìyàn bá ń dá nìkan rìn ín. Iná ń tàn lábẹ́ aṣọ, ìwé ń kún, orúkọ méjì lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Oṣù parí, Ọ̀gá kò ti yàrá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ fún àga náà. Ó máa ń dé ẹnu rẹ̀, á sì gbé e mì.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí obìnrin onítíì tó gbé ife kan ṣoṣo wọlé. Iwájú àga òdìkejì ló gbé e sí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ẹ kú ìdánìkanwà," ló wí, ó sì jáde.

"Tèmi ńkọ́?" Ojú-Àwòdì bi í. Obìnrin náà kò bojú wẹ̀yìn. Ó rò pé kò gbọ́ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ ti ìdì aṣọ wọlé, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀ Ojú-Àwòdì gan-an bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹrù sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ojú-Àwòdì fa ẹsẹ̀ yọ, ó sì ṣí ìwé. Ìwé ọwọ́ tirẹ̀ wà níbẹ̀, apá òsì, lójú tirẹ̀.

Ọ̀gá wọlé lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta. Ó gbé ìwé náà, ó ṣí i, ó sì fajú ro. "Apá òsì ṣófo láti ọjọ́ mẹ́ta," ló sọ fún àga òdìkejì. "Ojú kan ò lè yẹ aṣọ wò, Màmá."

"Ọ̀gá, èmi rèé!" Ojú-Àwòdì dìde. "Ẹ wò mí. Èmi rèé níwájú yín."

Ọ̀gá yí orí. Ó wo ibi tó wà. Ó fún ojú pọ̀, ó na ọrùn bí ẹni tó ń wá òwú tó já lára aṣọ funfun, ojú òun àti Ojú-Àwòdì sì pàdé. Ó rí i. Ó dá Ojú-Àwòdì lójú pé Ọ̀gá rí òun.

"Ó jọ pé mo rí ẹnì kan nídìí àga yẹn," Ọ̀gá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó kọjú sí òdìkejì tábìlì. "Màmá, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ẹ̀yin náà rí i?"

Ó dúró, ó ń gbọ́. Ojú-Àwòdì di etí tábìlì mú.

"Ó dáa," Ọ̀gá wí. Ó mí kanlẹ̀, ó fi ìka nu ojú. "Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò rí nǹkan kan, á jẹ́ pé ojú mi ló ń ṣe é." Ó pa ìwé dé, ó sì jáde.

Ojú-Àwòdì sá tẹ̀ lé e. Ó pe orúkọ rẹ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe orúkọ obìnrin onítíì. Ó fa fóònù yọ, ó pe ọmọ rẹ̀. "Haló?" ni ọmọ náà ń wí. "Haló? Ta nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Á à, ẹ̀yin ni, mà. Mo dá ikọ́ yín mọ̀. Màmá mi wà nítòsí?" Ó jọ pé ó gbọ́ èsì kan. "Ẹ ò rí wọn? Kò burú, mà. Màá tún pè."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ti Ojú-Àwòdì kò tilẹ̀ lọ ju oṣù márùn-ún lọ. Ó padà sínú yàrá, ó ṣubú lu àga rẹ̀, ó sì sọ ohun tó ti ń gbé mì.

"Mo rí i," ló wí. "Màmá, mo rí ìlà náà. Ó hàn kedere."

Báyìí ló ṣe rí. Lọ́jọọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n lè tètè lọ sílé, àwọn méjèèjì máa ń kọ "ó mọ́" sínú ìwé fún ìdì tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó tú u rárá. Àṣà wọn ni, wọn kò sì rí láburú nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Màmá Onídígí ń nu awò ojú rẹ̀ lọ́wọ́, kò tíì kọ tirẹ̀. Ojú-Àwòdì ti kọ tirẹ̀ kí Ọ̀gá tó yọjú, tí wọ́n fi ní láti tú ìdì náà. Bí ìlà náà bá wà lára aṣọ, a jẹ́ pé irọ́ wà nínú ìwé, Ọ̀gá sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú kan ló fi rò ó. Ọdún mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú yẹn ló wúwo jù.

"Ẹ dárí jì mí. Ojú yín kò lọ síbì kankan. Èmi ni mo fọ́ ọ."

Ó sunkún. Bí a bá sì ń sunkún, à ń ríran. Nínú omijé náà ló ti kọ́kọ́ rí ọwọ́ kan lórí aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi lé e, eegun ìka rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ó rí òwú dúdú, ó rí awò tó nípọn. Màmá Onídígí jókòó sínú àga òdìkejì bó ṣe máa ń jókòó, iná abẹ́ dígí tàn sí i lágbọ̀n. Ojú-Àwòdì ti ń retí ìbínú. Ó ti ń retí ẹ̀rín ẹni tó gbẹ̀san.

Màmá Onídígí wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbójú sókè, ó wo àga Ojú-Àwòdì, ó wò ó títí, ó nu awò rẹ̀, ó sì tún wò ó. Ìrẹ̀wẹ̀sì wà lójú rẹ̀, irú èyí tí ènìyàn fi ń wo ibi tí ẹni rẹ̀ máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀san. Ìyá náà kò purọ́ fún Ọ̀gá. Kò rí i ni.

"Ọmọ ìyá mi ì bá wà níbí," ó sọ fún ara rẹ̀, "ì bá bá mi wò ó."

Ó fa aṣọ náà súnmọ́ iná. Ìlà kan wà lára rẹ̀, tó fẹ́lẹ́ bí irun, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ojú-Àwòdì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. "Mo rí i, Màmá," ló wí. "Mo rí i. Mo rí i."

Màmá Onídígí gbé bírò lé ìwé, ó dúró díẹ̀, ó ń retí ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà ó kọ "ó mọ́", ó sì ṣí ojú ewé tó kàn.